Ọ̀nà wo ni ká gbà kọ́ Agile nígbà tí iṣẹ́ wa kì í ṣe ti sọ́fítíwíà?

AlákòósoẸ̀kọ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́. Ẹ̀ka tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé ìlànà iṣẹ́ ni ìbéèrè mi dá lé. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ń wọlé láti ẹ̀ka mẹ́fà mìíràn, oníkálukú sì ń sọ pé tòun ló yá jù. Àwọn ọ̀gá ní ká máa lo Agile, ìyẹn ọ̀nà tí à ń gbà ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ká máa gbọ́ èsì, ká sì máa tún ètò ṣe. Bọ́ọ̀dù tí à ń lẹ káàdì iṣẹ́ mọ́ ti wà lára ògiri, ìpàdé àárọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 50 ni ìpàdé ọ̀hún ń gbà, iṣẹ́ kò sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń há sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó buwọ́ lù ú.

Ṣé Scrum, tí wọ́n ń pín iṣẹ́ sí sáà kúkúrú, ló yẹ irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ni àbí Kanban, tí wọ́n ń fi káàdì orí bọ́ọ̀dù tọpa iṣẹ́ tí wọ́n sì ń fi òǹkà dé iye tó wà lọ́wọ́? Kí ni ká kọ́kọ́ kọ́, kí la sì lè fi sílẹ̀ di ẹ̀yìn? Báwo la ṣe ń sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí fún ọ̀gá láìpurọ́? Ìwé ẹ̀rí ńkọ́, ṣé dandan ni? Ẹ jọ̀ọ́, òǹkà àti ìgbésẹ̀ ni mò ń wá.

Ìbojúwẹ̀yìn dáhùn:

Ẹ kú àfaradà. Ìṣẹ́jú 50 yẹn ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń tọ́ka sí ibi tó ń dunni. Bí ènìyàn mẹ́sàn-án bá sọ̀rọ̀, tí oníkálukú lo ìṣẹ́jú márùn-ún, 45 ti lọ nìyẹn. A jẹ́ pé ìròyìn ni wọ́n ń jẹ́ fún ọ̀gá níbẹ̀, wọn ò fi ìpàdé náà ṣètò iṣẹ́ òòjọ́ láàárín ara wọn. Ìṣẹ́jú 15 péré ni Scrum fún un, ì báà jẹ́ ènìyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tàbí mẹ́wàá. Ẹ má pe ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́, káàdì ni kí ẹ máa pè. Ẹ dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ẹ mú káàdì tó sún mọ́ ìparí jù lọ, èyí tó wà lápá ọ̀tún, kí ẹ wá máa bọ̀ lápá òsì díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè méjì tó fún káàdì kọ̀ọ̀kan: kí ló dá a dúró, ta ló sì máa tì í síwájú lónìí? Káàdì tí nǹkan kan ò ṣe, ẹ fò ó. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹ́yọ, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù, kí àwọn méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ kàn dúró lẹ́yìn ìpàdé yanjú ẹ̀, kí àwọn yòókù máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ọ̀gá lè wà níbẹ̀ o, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ojú ń wò.

Ní ti ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ kọ́, ojú ìwé kan ṣoṣo ni: Agile Manifesto, àkọsílẹ̀ tí àwọn ènìyàn 17 jọ buwọ́ lù lẹ́yìn ìpàdé wọn ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, lóṣù kejì ọdún 2001. Ohun mẹ́rin ni wọ́n gbé léwájú. Wọ́n fi ènìyàn àti ìbáraṣe ṣáájú ìlànà àti irinṣẹ́. Wọ́n fi sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ ṣáájú àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ. Wọ́n fi àjọṣe pẹ̀lú oníbàárà ṣáájú fífa ọ̀rọ̀ àdéhùn, wọ́n sì fi ìmúra fún àyípadà ṣáájú rírọ̀ mọ́ ètò. Ẹ wá bọ́ọ̀dù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ò ní rí i. Ìlànà 12 wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti kọ sọ́fítíwíà, ẹ fi ìwé ìlànà iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ ń ṣe rọ́pò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á bá yín mu láìyọ nǹkan kan kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá ka ìwé atọ́nà Scrum tí Ken Schwaber àti Jeff Sutherland kọ. Èyí tí wọ́n tún ṣe lóṣù kọkànlá ọdún 2020 kò tó ojú ìwé 15, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí iye wákàtí tí ẹ máa rí níbẹ̀, Sprint, ìyẹn sáà iṣẹ́ kan, tó jẹ́ olóṣù kan ni wọ́n fi ṣe ìṣirò: ìpàdé ìṣètò kò gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ, ìpàdé àyẹ̀wò pẹ̀lú àwọn tó ni iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju 4, ìbojúwẹ̀yìn, ìpàdé tí ẹ ti ń yẹ bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ wò, kò gbọdọ̀ ju 3. Bí Sprint yín bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pín in sí méjì, ìyẹn 4, 2, àti wákàtí kan ààbọ̀. Ìṣẹ́jú 15 ti ojoojúmọ́ nìkan ni kì í yí padà.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni Product Owner. Ẹnì kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ìgbìmọ̀. Òun ló ń to àkójọ iṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ méjì tó lè wà ní ipò kan náà. Ẹ̀ka mẹ́fà tó ń sọ pé tiwọn ló yá jù, ọ̀dọ̀ ẹni yìí ló yẹ kí wọ́n ti máa jà á, kó má ṣe jẹ́ orí tábìlì ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn ọ̀gá yín kò bá lè fún ẹnì kan láṣẹ láti sọ pé “tiyín ṣì máa dúró”, Scrum kò ní mú nǹkan kan jáde, bó ti wù kí ìpàdé pọ̀ tó.

OníBọ́ọ̀dù dáhùn:

Ọ̀rọ̀ ìpàdé àárọ̀ yẹn pé, mi ò ní ohunkóhun láti fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa: mi ò ní gba ẹ̀ka yìí níyànjú láti fi Scrum bẹ̀rẹ̀. Scrum fẹ́ kí ẹ lè yan àfojúsùn kan kí ẹ sì dojú kọ ọ́ fún odidi Sprint kan, bí ọ̀sẹ̀ méjì. Níbi tí iṣẹ́ ti ń wọlé láti ẹ̀ka mẹ́fà lójoojúmọ́, ọjọ́ kẹta ni àfojúsùn yẹn á ti fọ́, àwọn ènìyàn á sì gbà pé Agile lásán ni. Ẹ fi Kanban bẹ̀rẹ̀. Kò ní kí ẹ yí ipò ẹnikẹ́ni padà, kò sì ní kí ẹ dá ìpàdé tuntun sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀dọ̀ Toyota ní Japan ni káàdì yẹn ti wá. Níbẹ̀, káàdì ló ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn pé ẹni iwájú ti lo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, kó mú òmíràn wá. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni iwájú ló ń fà, ẹni ẹ̀yìn kọ́ ló ń tì.

Ẹ tún bọ́ọ̀dù yín yà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé òpó mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀: iṣẹ́ tó kù, èyí tí à ń ṣe, èyí tó ti parí. Irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ kì í sọ òótọ́, nítorí inú òpó àárín ni gbogbo ìdúró fara pamọ́ sí. Bí iṣẹ́ ṣe ń rìn gan-an ni kí ẹ yà á: “A ti yàn án”, “À ń kọ ọ́”, “Ó ń dúró de àyẹ̀wò”, “À ń yẹ̀ ẹ́ wò”, “Ó ń dúró de ìbuwọ́lù”, “Ó ti parí”. Gbogbo òpó tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ó ń dúró”, ẹ fi ìlà pupa yí i ká. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí igun òkè káàdì. Lójoojúmọ́ tí káàdì bá lò nínú òpó ìdúró, kí ẹnì kan fi bírò tò ó lámì kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ gbé káàdì tó ti parí, kí ẹ ka àmì ara rẹ̀. Káàdì tó gba ọjọ́ 15 tó sì ní àmì 11 lára, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ fi ṣe é. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ lè sọ fún ọ̀gá tó máa wọ̀ ọ́ létí tó káàdì yẹn, ẹ gbé e lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi òǹkà tí kò gbọdọ̀ kọjá sórí òpó kọ̀ọ̀kan. Fún ènìyàn mẹ́sàn-án, mo lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6 ní “À ń kọ ọ́”, 3 ní àyẹ̀wò, 4 ní ìdúró de ìbuwọ́lù. Bí òpó bá ti kún, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ki káàdì tuntun bọ̀ ọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ á lọ bá ẹlòmíràn parí tirẹ̀. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, bó ṣe rí níbí náà nìyẹn. Ìṣirò wà nídìí rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní òfin Little, tí John Little fi ẹ̀rí gbè lọ́dún 1961. Iye iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, ẹ pín in pẹ̀lú iye tó ń parí lọ́sẹ̀, ohun tó bá jáde ni ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kan ń lò. Bí káàdì 24 bá wà lọ́wọ́, tí 6 sì ń parí lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Bí ẹ bá dín 24 kù sí 12, tí 6 ṣì ń parí, ó di ọ̀sẹ̀ méjì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òfin yìí fẹ́ kí iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde sún mọ́ ara wọn. Bí iṣẹ́ bá ń wọlé ju bó ṣe ń jáde lọ, ìṣirò náà kò ní dúró.

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń ba èyí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí ẹnì kan gbà lórí fóònù tí kò gbé sórí bọ́ọ̀dù. Òǹkà yín á dáa lójú, ọwọ́ yín á sì kún. Èkejì ni kí ẹ máa sún òǹkà sókè nígbàkigbà tí òpó bá ti kún. Kíkún yẹn gan-an ni àmì tí ẹ ń wá. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ pàjáwìrì. Ẹ ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún un lókè bọ́ọ̀dù, káàdì kan ṣoṣo ni kó máa gbà. Bí pàjáwìrì kejì bá dé, ẹni tó gbé e wá ní láti gbà pé kí àkọ́kọ́ kúrò.

Ní ti àwọn tó ń buwọ́ lùwé, ẹ má dúró kí wọ́n rántí yín. Ẹ bá wọn fàdéhùn sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ tí kì í yẹ̀, kí wọ́n máa wá síwájú bọ́ọ̀dù fúnra wọn. Kí wọ́n sì rí ìlapa èrò iṣẹ́ náà kí ẹ tó kọ ọ́ rárá. Ohun tí wọ́n ti fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í pẹ́ lórí rẹ̀ mọ́ ní ìparí.

AlákòósoẸ̀kọ́:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo rí i pé bọ́ọ̀dù olópó mẹ́ta lóòótọ́ ni. Ohun tó tún ń ta kókó ni pé káàdì wa ò dọ́gba. Ọ̀kan jẹ́ ìwé ìlànà olójú ìwé 60, òmíràn jẹ́ àtúnṣe gbólóhùn kan. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ti ojú ìwé 60 ti wà ní “À ń kọ ọ́”. Ọ̀gá sì tún ń bi wá pé ìgbà wo ni iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù máa parí.

KáàdìKékeré dáhùn:

Káàdì ojú ìwé 60 yẹn kì í ṣe káàdì, odidi àkójọ iṣẹ́ ni. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ gé e ni pé wọ́n á gé e bí wọ́n ṣe ń ṣe é: káàdì kan fún kíkọ, kan fún àwòrán, kan fún títò, kan fún títẹ̀. Ẹ ti gé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè lo ohunkóhun títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi pé. Ohun tí ẹni tó máa lò ó fẹ́ ṣe ni kí ẹ fi gé e. Àpẹẹrẹ káàdì kan rèé bó ṣe yẹ kó rí:

*“Òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fẹ́ mọ bó ṣe máa béèrè fún ìsinmi ọdọọdún, kó má bàa máa lọ bi ọ̀gá rẹ̀ léraléra.”*

Ní ẹ̀yìn káàdì náà, ẹ kọ ohun tí ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò: kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ, òṣìṣẹ́ méjì tí kò béèrè fún ìsinmi rí ti tẹ̀ lé e délẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, fọ́ọ̀mù tó tọ́ka sí wà níbi tó ní ó wà. Ó tán. Irú èyí lè parí láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lè gbé e síta kí ojú ìwé 58 yòókù tó dé, ẹ ó sì mọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an bóyá bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ yé àwọn tó ń kà á. Bí kò bá yé wọn, ojú ìwé méjì lẹ máa tún kọ, kì í ṣe 60. Tèmi o, ibí yìí ni Agile wà, gbogbo ìyókù kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Yàtọ̀ sí ti káàdì kọ̀ọ̀kan, ẹ ní láti ní àdéhùn kan tó kan gbogbo káàdì lórí ohun tó ń jẹ́ “ó ti parí”. Scrum ń pè é ní Definition of Done. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè òpó ìkẹyìn: ẹlòmíràn ti kà á yàtọ̀ sí ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó láṣẹ ti buwọ́ lù ú, ó ti wà níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lè rí i, a ti yọ ti àtijọ́ kúrò. Ìlà ìkẹyìn yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé, tí ìwé ìlànà méjì tó ta kora á fi máa rìn káàkiri. Káàdì tó kù díẹ̀ kó parí, kò tíì parí. Ẹ má fún un ní ìdajì máàkì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé “ọjọ́ mélòó ni o rò?”, iye káàdì tó parí lọ́sẹ̀ ni kí ẹ kà. Ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó kọjá rí báyìí: 5, 7, 4, 6, 6, 3, 7, 6. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 44, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 5.5. Iṣẹ́ 15 tí ọ̀gá béèrè, bí ẹ bá gé e kékeré, ó lè di káàdì 30. Bí ẹ bá pín 30 pẹ̀lú 5.5, ọ̀sẹ̀ kẹfà ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ ìyẹn. Ẹ mú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó burú jù, 3, 4, 5 àti 6. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 4.5, ọ̀sẹ̀ keje nìyẹn. Bí káàdì tuntun kan bá tún ń wọ inú iṣẹ́ yìí lọ́sẹ̀, 3.5 ló ṣẹ́kù fún yín, ó ti di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Èsì tí ẹ máa fún ọ̀gá ni pé: “Ó lè bọ́ sí ọ̀sẹ̀ keje sí ìkẹsàn-án. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ ìkeje, ẹ má fi nǹkan kan kún un.” Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹ tún un ṣírò, kí ẹ sì fi òǹkà tuntun ránṣẹ́, bí kò tilẹ̀ dùn ún gbọ́.

AlákòósoẸ̀kọ́:

Ẹnì kan ní ká máa fún káàdì ní máàkì tó ń sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó: 1, 2, 3, 5, 8, 13. Ṣé ó pọn dandan pẹ̀lú ìṣirò yìí?

OníBọ́ọ̀dù dáhùn:

Kò pọn dandan. Ìwé atọ́nà Scrum pàápàá kò ní kí ẹnikẹ́ni lò ó. Àǹfààní rẹ̀ wà nínú ìjíròrò: gbogbo yín ṣí òǹkà yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan mú 3, ẹlòmíràn mú 13, àwọn méjèèjì wá ṣàlàyé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó mú 13 ti rí ìbuwọ́lù kan tí ẹni tó mú 3 kò mọ̀ pé ó wà. Ìyẹn dáa. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ọ̀gá bá fi àròpọ̀ máàkì ẹ̀ka kan wé ti ẹ̀ka mìíràn. Láàárín oṣù díẹ̀, káàdì tó ń jẹ́ 3 á ti di 5, máàkì á pọ̀ sí i, iṣẹ́ tó ń jáde á sì wà bó ṣe wà. Bí káàdì yín bá ti kéré tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kíkà wọ́n ti tó.

Ìbojúwẹ̀yìn dáhùn:

Mo gbà pẹ̀lú OníBọ́ọ̀dù pé kí wọ́n fi Kanban bẹ̀rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò tíì sí ẹni tó láṣẹ lórí ìtòlẹ́sẹẹsẹ iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ mú nínú Scrum láti ọ̀sẹ̀ kejì: ìbojúwẹ̀yìn, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ gbé káàdì tó pẹ́ jù síwájú, ẹ tọ ọjọ́ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tó dá a dúró, kì í ṣe ẹni tó dá a dúró. Àtúnṣe kan ṣoṣo ni kí ẹ mú kúrò níbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí káàdì, kí ẹ fi orúkọ ẹni tó máa ṣe é sí i, kó sì wọ orí bọ́ọ̀dù bíi ti gbogbo iṣẹ́. Ìbojúwẹ̀yìn tó mú àtúnṣe mẹ́jọ jáde tí kò sí ìkankan lórí bọ́ọ̀dù, ìgbà kẹta tí ẹ bá ṣe é, kò ní sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìwé ẹ̀rí kì í ṣe dandan láti ṣe iṣẹ́ náà, ó wúlò fún ẹni tó ń wá iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. PSM I, ìwé ẹ̀rí Scrum ti àjọ Scrum.org, kò ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí kíláàsì: ìbéèrè 80, ìṣẹ́jú 60, ẹ gbọ́dọ̀ gba 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 68 nínú 80. Ìwé ẹ̀rí náà kì í kú. CSM, ìwé ẹ̀rí Scrum ti àjọ Scrum Alliance, ní tirẹ̀ fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ jókòó ní kíláàsì, wọ́n sì ń sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́yìn ọdún méjì méjì. Bí ẹ bá máa ṣe PSM I, àìtó àkókò lè gbé ènìyàn ṣubú, torí ìbéèrè kan kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ ka ìwé atọ́nà 2020 títí ẹ ó fi mọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ènìyàn: máàkì káàdì kò sí níbẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n máa ń bi ara wọn láàárọ̀ ti kúrò níbẹ̀, “project manager” náà kò sì sí níbẹ̀.

AlákòósoẸ̀kọ́:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Lọ́jọ́ Ajé, bọ́ọ̀dù olópó mẹ́fà la máa yà, a máa gé káàdì ojú ìwé 60, a sì máa bá àwọn tó ń buwọ́ lùwé fàdéhùn sí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Àmì ọjọ́ ìdúró á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, màá gbé òǹkà wa wá síbí kí ẹ bá wa wò ó.